Ìwé Kéèkì, Ìwé Ìfẹ́, àti Ewé Mẹ́fà Tó Já

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ka ìwé kéèkì kí n tó ní ófùnù tèmi.

Kì í ṣe pé mo ń kọ́ṣẹ́. Mo kàn máa ń jókòó sórí àpótí ní ilé ìdáná àǹtí mi ní Òkè-Àdó, n'Íbàdàn, ìwé á wà lórí itan mi, màá sì máa ka ọ̀rọ̀ bọ́tà àti ṣúgà bí ẹni ń ka ìtàn Ìjàpá. Ọdún 1987 ló bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Oṣù kìíní ọdún yẹn ni ìjọba Ọ̀gágun Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọ Nàìjíríà, òfin náà kò sì kúrò nílẹ̀ títí di 1992. Ẹni tó bá ti gbọ́njú nígbà náà á rántí bí owó búrẹ́dì ṣe fò sókè tí búrẹ́dì fúnra rẹ̀ sì rù, bí àwọn oníbúrẹ́dì ṣe ń fi ìyẹ̀fun àgbàdo àti ti ẹ̀gẹ́ lú u, tó jẹ́ pé bí o bá gé e, ṣe ló máa ń rún sílẹ̀. Àǹtí mi, tó jẹ́ pé kéèkì ìgbéyàwó àti ti ìkómọ ló fi ń rán àwọn ọmọ rẹ̀ nílé ìwé, kò rí fùláwà rà mọ́ àfi ti fàyàwọ́, owó ìyẹn kò sì ṣeé gbọ́ sétí. Ó kó àwọn páànù kéèkì rẹ̀ sókè àjà. Ìwé nìkan ni kò kó sókè.

Bó bá ń ṣa ẹ̀wà nírọ̀lẹ́, á ní, "Ọmọ mi, mú ìwé yẹn wá, kà á sí mi létí kí n má baà gbàgbé ọ̀nà." Màá sì kà á. Kò sí fùláwà nílé, kò sí bọ́tà, ẹyin méjì péré ló wà, a sì ń pilẹ̀ kéèkì alájà mẹ́ta.

Ìwé náà ti gbó. Ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, bọ́tà sì ti ta sí àwọn ojú ewé kan débi pé o lè rí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ewé láti iwájú. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni bírò àǹtí mi tó wà ní gbogbo etí ìwé náà. Níbi tí wọ́n bá ti kọ fùláwà ọ́ńsì mẹ́jọ, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Agolo mílíìkì méjì àbọ̀, má kì í mọ́lẹ̀." Níbi tí wọ́n ti ní ká gbé bọ́tà kalẹ̀ nínú ilé títí á fi rọ̀, ó kọ ọ́ pé, "Ilé tiwọn ló tutù." Gbólóhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi rí. Bọ́tà tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ nínú ilé wa ní oṣù kẹta, kó tó di ọ̀sán, ó ti di òróró. Nítorí náà, omi tútù ni àǹtí mi máa ń gbé abọ́ bọ́tà lé, ìlà méjì ló sì fi kọ ọ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn má baà ṣìnà.

Nígbà tí fùláwà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, mo wá fojú rí ohun tí mo ti ń kà. Kò sí ófùnù níbẹ̀ o. Ìkòkò irin ńlá ni, yanrìn gbígbẹ ní ìsàlẹ̀, sítóòfù kẹrosíìnì lábẹ́, ẹyinná lórí ọmọrí. Kó tó gbé páànù sí i, á ju bébà funfun pélébé kan sínú rẹ̀. Bí bébà bá dúdú kíá, iná ti le jù. Bó bá ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dà bí àwọ̀ ẹ̀pà yíyan, ó ti tó. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá kéèkì ti jinná, ẹyọ ìgbálẹ̀ tuntun kan ni wọ́n máa ń fi gún un láàárín. Bó bá jáde láìní nǹkan lára, ó ti jinná.

Iṣẹ́ tó ga jù ni nínà. Ọmọrogùn ni àǹtí mi fi ń na bọ́tà àti ṣúgà pọ̀, á nà án títí àwọ̀ rẹ̀ á fi ṣí, tó máa wá fúyẹ́ bí òwú. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú abọ́ yẹn. Hóró ṣúgà mú, ṣe ló ń gé ihò wẹ́wẹ́ sára bọ́tà, afẹ́fẹ́ á wọ inú ihò wọ̀nyẹn, á sì há síbẹ̀. Bí ooru bá dé, afẹ́fẹ́ yẹn á wú, á máa wá ọ̀nà òkè. Bẹkin páúdà á wá ràn án lọ́wọ́: nǹkan kíkan àti nǹkan tó dà bí kánún ló wà nínú rẹ̀, bí wọ́n bá pàdé nínú omi wọn á hó, èéfín tí wọ́n bá tú sílẹ̀ á gbé kéèkì dìde. Nítorí náà ni gbogbo ìwé kéèkì fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí o má ṣí i wò ní kùtùkùtù. Ara rẹ̀ kò tíì le tó láti dá dúró. Bí atẹ́gùn tútù bá kọ lù ú, á jìn sínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọmọ ọdún mọ́kànlá rí nínú ìwé yẹn. Ìwé ilé ìwé máa ń bi mí léèrè kó lè mọ ohun tí n kò mọ̀. Ìwé ìròyìn máa ń dẹ́rù bà mí. Ìwé kéèkì ní tirẹ̀, ṣe ló dà bí àgbà kan tó dúró lẹ́yìn mi, tó ti ṣe é rí, tó sì fẹ́ kí tèmi dára. Pò ó. Kù ú. Má kánjú. Bó bá dì, má bẹ̀rù, fi ṣíbí fùláwà kan sí i. Ó ti sọ òpin fún mi láti ìlà kìíní, pé kéèkì tó máa tó ènìyàn mẹ́jọ ló ń bọ̀, ó sì wá ń mú mi lọ síbẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ọdún 1989 ni mo wọ ilé ìwé àwọn obìnrin tí a ti ń gbé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ ni mo ti bá ìwé kejì tó ń sọ̀rọ̀ sí ènìyàn báyẹn pàdé. Mills & Boon ni, ìwé ìfẹ́ tí ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ń tẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá lọ irú ilé ìwé yẹn mọ bó ṣe máa ń rí: ìwé kan, ogójì ọmọ, tọ́ọ̀ṣì kan lábẹ́ aṣọ ìbora. A ń fi bébà ìwé ìròyìn bò ó kí olùkọ́ lè rò pé ìwé ìtàn Ilẹ̀ Adúláwọ̀ ni.

Láti London ni ilé iṣẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ní ọdún 1908. Gerald Mills àti Charles Boon ló dá a sílẹ̀, oríṣiríṣi ìwé ni wọ́n sì ń tẹ̀ nígbà náà. Ìgbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ káàkiri ayé, ní àwọn ọdún 1930, ni wọ́n gbájú mọ́ ìwé ìfẹ́. Ẹ̀yìn búráùn ló wà lára àwọn ìwé náà, àwọn ilé ìkàwé tó ń fi ìwé yáni lówó kékeré ló sì ń rà wọ́n jù. Mo máa ń ronú sí èyí. Àwọn obìnrin tí ọkọ wọn kò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́ ń fi kọ́bọ̀ tó ṣẹ́kù yá ìwé tó máa dá wọn lójú pé ó máa dáa. Ohun kan náà ni èmi àti àǹtí mi ń ṣe nígbà tí kò sí fùláwà.

Ìwé kan wá dé ọ̀dọ̀ wa tí ewé mẹ́fà tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Obìnrin oníṣègùn ẹran kan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ra ilé ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Láti ojú ewé àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń bára wọn fa ọ̀rọ̀: nítorí ajá, nítorí ọgbà, nítorí ẹni tó yẹ kó sanwó ọ̀nà tó bàjẹ́. A ti rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Níkẹyìn, èdè àìyedè kan dé, obìnrin náà dì ẹrù rẹ̀, ó wà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, òjò ń rọ̀. Ibẹ̀ ni ìwé parí sí.

Lóru ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n ti paná, àwa mẹ́tàlá kó jọ sórí bẹ́ẹ̀dì méjì, kálukú wá sọ bó ṣe parí. Ẹnì kan ní ọkọ̀ ojú irin náà kò ṣí rárá, ó bàjẹ́. Ẹnì kan ní ọkùnrin náà gun ẹṣin wá. Ọ̀rẹ́ mi tó ń sùn ní bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ tèmi ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ní ọkùnrin náà dé, kò sọ nǹkan kan, kò tọrọ àforíjì, ó kàn gbé àpótí obìnrin náà lérí, ó kọrí sílé nínú òjò, obìnrin náà sì ń tẹ̀ lé e, ajá wà níwájú àwọn méjèèjì nítorí pé ajá ló mọ̀nà. Gbogbo wa dákẹ́. Kò sẹ́ni tó tún fẹ́ sọ tirẹ̀ mọ́. Ọdún yẹn gan-an ni bàbá ọ̀rẹ́ mi kó ẹrù jáde nílé wọn.

Nínú àwa mẹ́tàlá, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní wọ́n pínyà.

Ọ̀rọ̀ kéèkì àti ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ti jọ ń rìn tipẹ́. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù wà nínú agolo kọ́sítáàdì tí a fi tọ́ ọ̀pọ̀ wa dàgbà. Apòògùn ni Alfred Bird, ní ìlú Birmingham. Ẹyin kò bá ara ìyàwó rẹ̀ mu, ẹyin ni wọ́n sì fi ń ṣe kọ́sítáàdì nígbà náà. Ní 1837, ọkùnrin yìí jókòó ti òògùn rẹ̀, ó fi ìyẹ̀fun àgbàdo ṣe kọ́sítáàdì tí kò lẹ́yin nínú kí ìyàwó òun lè rí i jẹ. Ìwúkàrà pẹ̀lú kò bá obìnrin náà lára mu, kò lè jẹ búrẹ́dì tó wú. Ní 1843, ọkọ rẹ̀ tún ṣe bẹkin páúdà, kí búrẹ́dì ìyàwó òun lè wú láìsí ìwúkàrà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn yìí, mo pa ìwé dé, mo lọ dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, mo ń wo agolo. Ọkùnrin kan fẹ́ kí aya òun jẹun, nǹkan yẹn ló wá di ohun tí a ń pò fún ọmọ ọwọ́ ní Òkè-Àdó.

Ní 2016, ọkọ mi jábọ́ láti orí àkàbà, itan rẹ̀ kán. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún la lò ní ọsibítù. Ẹni tó bá ti ṣètọ́jú aláìsàn nílẹ̀ wa mọ̀ pé àwọn ará ilé náà ń gbé ọsibítù ni: ẹní lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, fúláàsì omi gbígbóná, ẹ̀fọn, ariwo jẹnẹrétọ̀. Ìwé ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín kan ló wà nínú báàgì mi. Lóru ọjọ́ kẹrin, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi kí n tó fọwọ́ bò ó.

Ìyá àgbà kan wà ní òdìkejì, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣàìsàn ló ń tọ́jú. Ó gbórí sókè. "Ìyàwó, kí lò ń kà tó ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín níbi tí gbogbo wa ti ń sunkún?"

Ojú tì mí. "Ẹ má bínú, Mà. Ìwé ìfẹ́ lásán ni."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ lásán? Kà á sókè, kí èmi náà rẹ́rìn-ín."

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní Yorùbá bí mo ṣe ń kà á. Kí n tó dé ojú ewé kejì ló ti dá mi dúró.

"Ṣé wọ́n á fẹ́ra níkẹyìn?"

"Wọ́n á fẹ́ra, Mà."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ó dáa. Máa kà á lọ."

Ó fẹ̀yìn ti ògiri. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí n kò tíì rí ọ̀rọ̀ fún láti ìgbà èwe mi ni ìyá yìí fi ìbéèrè méjì péré yanjú. Láti àárọ̀ la ti ń bi dókítà ní ìbéèrè tí kò lè dáhùn. Lóru yìí, ìyá bi èmi ní méjì, mo sì lè dá a lóhùn láìṣiyèméjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rù kò ba ìyá mọ́ láti gbọ́ ìjà inú ìwé. Ó ń gbádùn ìjà náà. Ó ń bú ọkùnrin yẹn gidi gan-an.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta kíkà wa, ọ̀rọ̀ inú ìwé dojú rú, obìnrin náà rò pé ọkùnrin yìí ní ẹlòmíràn, ọkùnrin náà rò pé obìnrin yìí kò fẹ́ rí òun. Ìyá na ọwọ́ sí mi.

"Dúró ná. Ta ni alárenà wọn?"

"Wọn ò ní alárenà, Mà. Àwọn méjèèjì ló ń bára wọn sọ ọ́."

"Wọn ò ní alárenà!" Ó pàtẹ́wọ́. "Ìdí nìyẹn. Ìdí tí gbogbo ẹ̀ fi ń dàrú nìyẹn. Ìwọ àti èmi ló mọ ohun tó wà nínú àwọn méjèèjì, a ò sì lè débẹ̀ lọ bá wọn sọ ọ́."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ibi tí mo máa ń jókòó sí bí mo bá ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àyè alárenà ni. Mo mọ inú ọmọkùnrin, mo mọ inú ọmọbìnrin, ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi, n kò sì lè sọ ọ́. Ẹ̀rín inú rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń wá. Àwọn baba wa ní bí ọkọ bá mojú aya tán, alárenà a yẹ̀ba. Bí ìwé náà ṣe ń parí gẹ́lẹ́ nìyẹn: wọ́n mojú ara wọn, èmi pa ìwé dé, mo yẹ̀ba. Mo sì wá rí i pé alárenà ni àǹtí mi pẹ̀lú bírò rẹ̀, láàárín Òyìnbó tí ilé rẹ̀ tutù àti ọmọ tó ń dáná n'Íbàdàn. Ó mọ tibí, ó mọ tọ̀hún, ó ń mú wọn pàdé.

Ọmọ ìyá yẹn lọ sílé kí ọkọ mi tó lọ. Ó kù orí méjì ká ka ìwé tán. Ìyá ní kí n ka ìyókù kíákíá kí mọ́tò tó dé.

Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìwé wọ̀nyí, pé ìranù ni, pé iṣẹ́ obìnrin tí kò ríṣẹ́ ṣe ni, pé wọ́n jọra. N kò gbà. Kò sí ẹni tó sọ fún ìyá tó ń pàlọ́ pé kó dákẹ́ nítorí pé a ti mọ ibi tí Ìjàpá ń lọ. Nítorí pé a mọ̀ ọ́n la ṣe ń sún mọ́ ọn, tí a ń gbe orin lẹ́nu rẹ̀ kó tó kọ ọ́ tán. Ìwé ìtàn mẹ́fà tí Jane Austen, òǹkọ̀wé obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ parí ló jẹ́ pé ìgbéyàwó ló gbẹ̀yìn gbogbo wọn, òun fúnra rẹ̀ kò sì fẹ́ ọkọ títí tó fi kú ní 1817, ní ẹni ọdún mọ́kànlélógójì. Wọ́n ṣì ń kà á. Kí ènìyàn sọ òpin rẹ̀ fún ọ ní ìbẹ̀rẹ̀, kó sì tún mú ọ dúró títí ojú fi mọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ńlá ni.

Kì í ṣe gbogbo wọn náà ló dára. Lára àwọn tí a kà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọkùnrin inú wọn á fa obìnrin lọ́wọ́, á jágbe mọ́ ọn, wọ́n á ní ìfẹ́ ló ń ṣe é. Mo bínú sí ìyẹn títí dòní, nítorí pé ọmọdé ni wá, a sì gbà á gbọ́. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Ankara Press bẹ̀rẹ̀ ní 2014, tí ìwé ìfẹ́ wọn ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn ìlú Ilẹ̀ Adúláwọ̀, tí obìnrin inú rẹ̀ níṣẹ́ lọ́wọ́ tó sì lẹ́nu. Ní Àyájọ́ Olólùfẹ́ 2015, wọ́n gbé ìtàn ìfẹ́ kúkúrú jáde lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì túmọ̀ wọn sí èdè wa, Yorùbá wà níbẹ̀. Ìyá ọsibítù ì bá gbádùn rẹ̀. Ìwé kéèkì náà ní tiwọn: àwọn kan wà tó jẹ́ pé àwòrán ló kún inú wọn, kéèkì tó ń dán, ilé ìdáná tí kò ní àbàwọ́n, bí o bá sì tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ, kò ní wú. Ẹni tó kọ ọ́ kò ṣe é rí. Mo máa ń dá irú wọn padà.

Lọ́dún tó kọjá, mo ń wo ìwé àlòkù tí wọ́n tò sílẹ̀ létí títì ní Mọ́kọ́lá, ni mo rí ìwé oníṣègùn ẹran yẹn. Ìlà àkọ́kọ́ ni mo fi dá a mọ̀. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ewé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé. Mo dúró nínú oòrùn níbẹ̀, mo kà á tán, mo sanwó, mo gbé e lọ sílé.

Houston ni ọ̀rẹ́ mi wà báyìí. Ọjọ́ Sátidé la máa ń bára wa sọ̀rọ̀, bó bá ti dé láti iṣẹ́ òru. Mo ti gbé kéèkì sínú ófùnù nígbà tó pè. Mo sọ fún un pé mo ti rí ìwé náà, pé mo ti mọ bó ṣe parí.

Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Jọ̀ọ́, má sọ ọ́ fún mi."

"N kò ní sọ ọ́."

"Ṣé o ṣì rántí tèmi?"

Mo ní kó sọ ọ́. Mo fi fóònù sáàárín etí àti èjìká mi, mo fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, mo ṣí ófùnù. Òjò ń rọ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ọkùnrin náà dé, kò sọ nǹkan kan, ó gbé àpótí lérí. Mo gún kéèkì láàárín, mo fa ìgbálẹ̀ náà jáde, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Mo pa iná.

"Ajá ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ajá wà níwájú," ló dá mi lóhùn.